Àpótí Tútù Akíntìmẹ́hìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etí omi fi ń pa òwe pé, "Bí àpótí bá ń tutù, ẹ wo ọkọ̀ tó gbé e"? Ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bí ẹnì kan bá ń kọ́ àjà kejì sórí ilé tí ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, wọn á kọjá, wọn á mirí, wọn á ní kí a wo ọkọ̀ tó gbé àpótí. Àwọn mìíràn rò pé òwe ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Irọ́ ni. Òwe náà kò tíì darúgbó. Ọkùnrin kan báyìí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀, omi sì mù ún dé àyà kí ó tó di òwe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àmọ́ bí ẹ bá dé ibi tí ẹ kò ti lè pa á mọ́ra mọ́, èmi náà mọ̀ pé ẹran ara ni yín.

Akíntìmẹ́hìn ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Ọbẹ-Òròtò. Orí omi ni wọ́n kọ́ abúlé yẹn sí, gbogbo ilé ló dúró lórí òpó igi. Bí iyọ̀ bá tán nílé rẹ, tí o fẹ́ bù díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, àjẹ̀ lo máa kọ́kọ́ wá. Kò sí títì, kò sí iná ìjọba. Ẹja ni gbogbo wọn ń jẹ, ẹja náà ni wọ́n ń tà.

Àwọn ọkùnrin ló ń pa ẹja, àwọn obìnrin ló ń tà á. Àmọ́ ọjà Igbókòdá jìnnà. Bí ẹ bá kúrò ní kùtùkùtù, oòrùn á ti ga kí ẹ tó débẹ̀. Akíntìmẹ́hìn ló ń kó ẹja tútù gbogbo obìnrin abúlé lọ. Ọkọ̀ pákó gígùn kan ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́sàn-án ni bàbá náà fi kàn án kí ó tó kú, òun náà ló sì kan àpótí ńlá kan sí àárín rẹ̀: pákó níta, páànù nínú, fóòmù tó nípọn láàárín méjèèjì. Akíntìmẹ́hìn á ra yìnyín ní ìlú, á kó o sínú àpótí, á fi ẹja lé e lórí, á de ìdérí. Bí ẹja bá ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì wí nǹkan kan.

Ọdún kan wá dé tí ooru mú ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń ṣe yìnyín ní ìlú ò rí iná tó mọ́, yìnyín tí wọ́n ń tà wá ń dì ní ìdajì. Kí Akíntìmẹ́hìn tó gbé e délé, ó ti di omi tí wọ́n lè fi fọ ojú. Ọjà àkọ́kọ́, ẹja rọ̀. Ọjà kejì, ẹja rùn díẹ̀. Ní ọjà kẹta, Ìyá Dúrósọmọ́, obìnrin tó máa ń ra gbogbo ẹja Ọbẹ-Òròtò, ṣí ìdérí àpótí, ó wo inú rẹ̀, ó sì rọra dé e padà bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn níbẹ̀.

"Akíntìmẹ́hìn," ó wí, "gbé e padà lọ, ọmọ mi."

Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Akíntìmẹ́hìn tu ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹja tó ti bàjẹ́, nítorí kò lè dà á nù láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín fojú rí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá létí omi ni Mojírọ́lá, opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀, tó ń fi ẹja ọ̀bọ̀kún bọ́ ọmọ mẹ́rin. Obìnrin náà wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí, ó ní, "Kò burú, ẹ kú ìrìn." Ó lọ.

Ọ̀rọ̀ "ẹ kú ìrìn" yẹn kò kúrò létí Akíntìmẹ́hìn. Ó ń jẹun, ó ń gbọ́ ọ. Ó búra fún ara rẹ̀ pé bí ó bá gba òun ní ohunkóhun, ẹja kan ò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́ títí ayé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbúra dára. Ọ̀rọ̀ "ohunkóhun" tó wà nínú rẹ̀ yẹn ló yẹ kí a máa ṣọ́.

Wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní Òkìtìpupa, Ọ̀gá Sùnmọ́là, tó ń tún fíríìjì ṣe. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́, ó lè mú kí àpótí lásán máa tutù fúnra rẹ̀ láìsí yìnyín. Akíntìmẹ́hìn lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Sùnmọ́là dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àti kọ́npírẹ́sọ̀ tó yọ lára fírísà àlòkù kan. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn. Omi nìkan ni kò mọ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fi òpó èbúté sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ń wo òkè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Akíntìmẹ́hìn.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó tutù tó?"

"Kó tutù débi pé ẹja ò ní mọ̀ pé òun ti kú," ni Akíntìmẹ́hìn dá a lóhùn.

"Ó ti yé mi."

Ọlápéjú, ìyàwó Akíntìmẹ́hìn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń wò wọ́n. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Òun ló máa ń di ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mú bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, ó sì mọ gbogbo ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò ti jìn.

"Bàbá Ìbídùn," ó pe ọkọ rẹ̀, "kí ni yóò máa mú un tutù lójú omi tí kò síná?"

"Bátìrì ẹ́ńjìnnì ni."

"Kí ni yóò wá máa jí ẹ́ńjìnnì?"

"Bátìrì yẹn náà ni."

Ọlápéjú wo bátìrì náà. "Ẹrú kan, olúwa méjì," ó ní. "Ó dáa."

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àpótí náà tutù. Lóòótọ́ ni mo wí! Akíntìmẹ́hìn ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó yọ ọ́ kíá, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ibi tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì láti já koríko kúrò nídìí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i, kò jí. Bátìrì ti fi gbogbo agbára rẹ̀ sínú ẹja. Tọkọtaya náà fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Igbókòdá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọwọ́ Ọlápéjú ti bó. Ọjà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

"Ṣùgbọ́n ṣé o rí i pé ó tutù?" ni Akíntìmẹ́hìn wí.

Ìyàwó rẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀gá Sùnmọ́là ní bátìrì ni kò tó. Wọ́n fi ọ̀kan kún un. Méjèèjì kò tó, wọ́n fi méjì mìíràn kún un, àwọn bátìrì ńláńlá tó jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù, ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé ni Ọlápéjú bu ọ̀dà funfun, ó sì fa ìlà kan sára ọkọ̀ níbi tí omi dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé èyí tó kẹ́yìn wọlé, ìlà náà ti wọ omi lọ.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ wá wo nǹkan."

Akíntìmẹ́hìn wò ó. "Omi ló kún," ó wí.

"Omi tó kún mọ́ ọkọ̀ tiwa, tí kò kún mọ́ òpó ilé wa?"

Akíntìmẹ́hìn wo òpó ilé. Gbẹrẹfu ni òpó náà gbẹ níbi tí ó ti máa ń gbẹ. Ó wá ronú díẹ̀, ó ní, "Omi òkun ò ṣeé sọ."

Ó dùn ún, àmọ́ kò fi hàn. Bí ó bá ti fẹ́ rò ó pé ọkọ̀ ń wúwo, ojú Mojírọ́lá ni yóò máa rí, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja bíbàjẹ́ lórí rẹ̀. Báyìí ni àánú ṣe ń fọ́ èèyàn lójú.

Àwọn bátìrì náà kì í pẹ́ kú, nítorí ohun tí yóò bọ́ wọn kò sí. Ọ̀gá Sùnmọ́là ní jẹnẹrétọ̀ ló kù. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Jẹnẹrétọ̀ ń gbóná, ooru rẹ̀ sì ń fẹ́ tààrà sára àpótí tí wọ́n fẹ́ kó tutù. Wọ́n fi fáànù kan sí àárín wọn láti máa fẹ́ ooru náà lọ. Fáànù kì í fẹ́ràn òjò, wọ́n wá fi páànù ṣe òrùlé lé e lórí. Apá ọ̀tún ni gbogbo ẹrù yìí wà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tí etí ń dùn. Akíntìmẹ́hìn rò ó títí. Ó wá kó àpò iyanrìn mẹ́fà sí apá òsì.

Ọkọ̀ dúró ṣánṣán. Inú rẹ̀ dùn. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹni tó ra ẹrù láti fi gbé ẹrù, ẹrù méjì ló ní.

Láti wá àyè, wọ́n yọ àwọn pákó ìjókòó kúrò. Àwọ̀n tí ó fi ń pa ẹja díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n gbé e sílé. Kọ́npírẹ́sọ̀ ń kán omi tótó, kò sì fẹ́ kí omi yẹn ba pákó jẹ́, ó wá mú igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi ọkọ̀, ó fi ìṣó kàn án mọ́ abẹ́ kọ́npírẹ́sọ̀ kí omi máa kán sí i. Nínú àpótí pàápàá, páìpù tí Ọ̀gá Sùnmọ́là lọ́ yíká ti gba àyè. Àpótí tó ń gba ogún apẹ̀rẹ̀ wá ń gba mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà tí mò ń wí, àwọn obìnrin kó ẹja wọn wá sétí omi bí ìṣe wọn. Akíntìmẹ́hìn gba ti Mojírọ́lá lákọ̀ọ́kọ́, ó gba ti àwọn márùn-ún mìíràn, ó wá na ọwọ́ síta.

"Ó ti kún o. Ẹ má bínú."

Àwọn obìnrin wo ọkọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún irin, wáyà àti iyanrìn. "Kí ló wá kún un?" ni ọ̀kan bi èkejì. "Òtútù ni," ni èkejì dá a lóhùn, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n lọ dáná láti yan án.

Bàbá Ikúmápàyí ń bá wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó fẹ́ lọ yẹ ojú rẹ̀ wò ní Igbókòdá. Ọ̀rẹ́ bàbá Akíntìmẹ́hìn ni. Òun ló di pákó mú nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ìṣó kan ọkọ̀ náà. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ọkọ̀ gbọ̀n. Ó jókòó sórí bátìrì kan ní iwájú, ó sọ ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ náà sì bọ́ sínú omi.

"Akíntìmẹ́hìn."

"Bàbá."

"Láyé bàbá rẹ, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan omi láti inú ọkọ̀ yìí. Lónìí, omi ló dìde wá kí mi."

"Ẹ fọwọ́ kan àpótí náà, Bàbá. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ rí i."

Bàbá fọwọ́ kàn án. "Ó tutù," ó ní. Ó sì tún fọwọ́ kan omi, ó ń wò ó.

Ọlápéjú ló wọlé kẹ́yìn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo ńlá méjì dání, ó so wọ́n mọ́ ara wọn pẹ̀lú okùn. Ó ní epo pupa lòun fẹ́ rà bọ̀.

"Ìyá Ìbídùn," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ṣé kẹ́ẹ̀gì yẹn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wúwo jù?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo jẹnẹrétọ̀, ó wo àpò iyanrìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó fa okùn tí wọ́n wá so mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí bátìrì kankan kì í jí i mọ́, wọ́n sì gbéra.

Ẹ bá mi fi ọkàn wo bí wọ́n ṣe jókòó. Bàbá wà níwájú. Ọlápéjú wà lẹ́yìn, ó di ẹ́ńjìnnì mú. Akíntìmẹ́hìn wà láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù létí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìfara pa. Láti ìgbà dé ìgbà, á ṣí ìdérí, á ki orí bọ inú rẹ̀, á fọwọ́ tẹ ẹja wò. Ẹja ń le sí i. Inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ó ń rò ó bí Ìyá Dúrósọmọ́ yóò ṣe ṣí ìdérí yẹn lónìí.

Wọ́n dé àárín omi ńlá, níbi tí etí méjèèjì ti jìnnà, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan tó kó igi gẹdú kọjá lókèèrè. Ìgbì rẹ̀ rọra ń bọ̀. Ìgbì kékeré ni; ọkọ̀ ọmọdé pàápàá á fò ó kọjá. Àmọ́ ọkọ̀ Akíntìmẹ́hìn kò ní etí tí yóò fi fò mọ́. Ìgbì àkọ́kọ́ rọra gba etí ọkọ̀ wọlé, kò tiẹ̀ kánjú. Ìkejì tẹ̀ lé e. Ìkẹta bá àyè.

Orí Akíntìmẹ́hìn wà nínú àpótí.

Bàbá Ikúmápàyí wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí omi lórí ọrùn ẹsẹ̀, ó sì pariwo bí ó ti lágbára mọ, "Ó ń rì!"

Jẹnẹrétọ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá, ó lọ̀ ọ́, ó fọ́n ọn ká. Èyí tó dé etí Akíntìmẹ́hìn nínú àpótí ni, "Ó ń dì!"

Ayọ̀ kún inú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá! Ó ń dì!"

"Mo ní ó ń rì!"

"Ó ń dì gan-an! Ti Mojírọ́lá ti dì tán!"

"Láti ẹ̀yìn ló ti ń rì!"

"Mo mọ̀! Ẹ̀yìn ló ti máa ń kọ́kọ́ dì, ibẹ̀ ni páìpù pọ̀ sí jù!"

Bàbá Ikúmápàyí yí ojú sí Ọlápéjú. Ẹnu ti ya bàbá arúgbó náà. "Ìyàwó," ó wí, "ṣé ọkọ rẹ fẹ́ kó rì ni?"

Ọlápéjú kò ní àyè fún ìyẹn. Ó ti yí orí ọkọ̀ sí apá ibi tí omi kò ti jìn púpọ̀, ó ń fi ẹnu àti ọwọ́ kan pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìbídùn! A ń rì!"

"Ẹ sọ pé kí ni?" Ohùn Akíntìmẹ́hìn ń dún láti inú àpótí bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. "À ń dì? Ẹ bo ara yín láṣọ! Òtútù yẹn ló ń jáde!"

"Kó rì tán ká lè mọ̀," ni Bàbá wí fún ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ agbádá.

Omi dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dákẹ́. Gbogbo ayé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Bàbá Ikúmápàyí kò pariwo mọ́. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí.

"Akíntìmẹ́hìn. Rì ni mo wí. Kì í ṣe dì."

Akíntìmẹ́hìn yọ orí jáde. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun fún òtútù. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé omi ti dé orúnkún òun. Àjẹ̀ bàbá rẹ̀ léfòó kọjá níwájú rẹ̀.

"Igbá dà?" ó kígbe. "Ẹ fún mi nígbá ìgbọ́nmi!"

Òun fúnra rẹ̀ ló rántí. Ó tẹrí ba sínú omi, ó di igbá náà mú, ó fà á. Ìṣó mẹ́rin ló fi kàn án, kò sì kàn án láìdáa. Ó ṣì ń fà á nígbà tí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀yìn, tí bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń fà á lọ sísàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé wọn. Àpò iyanrìn kò dúró dígbà tí wọ́n pè é.

Ìhín ni kí ẹ bá mi dákẹ́ sí díẹ̀. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi oṣù mẹ́sàn-án kàn lọ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó na ọwọ́ sí i, bí ẹni pé a lè di ọkọ̀ mú lọ́wọ́. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló jí i.

"Fi í sílẹ̀! Bàbá ni kí o mú!"

Bàbá Ikúmápàyí kò lè wẹ̀ mọ́, ọjọ́ orí ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Akíntìmẹ́hìn wẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a mú láyà. Ọlápéjú tì kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjèèjì sábẹ́ apá bàbá, ó fi okùn wé e. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn ò mọ ohun tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni omi hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àpótí já kúrò lára ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó sì yọrí jáde, ìdérí rẹ̀ dé pátápátá, ó ń jó lójú omi. Fóòmù inú rẹ̀ kò gbà á láyè láti rì.

Wọ́n ti Bàbá sókè sórí rẹ̀. Tọkọtaya náà rọ̀ mọ́ etí rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì dúró de ojú rere Ọlọ́run. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá Ikúmápàyí sọ̀rọ̀ láti òkè.

"Akíntìmẹ́hìn."

"Bàbá."

"Ó tutù o. Ìdí mi ti kú."

Àwọn tó ń kó iyanrìn lójú omi ló rí wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìran ni wọ́n ń rí: bàbá arúgbó kan nínú ṣòkòtò, ó jókòó lójú omi gbalasa bí ọba lórí ìtẹ́, ó ń gbọ̀n. Wọ́n kó wọn, wọ́n so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tiwọn, wọ́n fà á dé èbúté Igbókòdá nígbà tí ọjà kún dẹ́nu.

Ìyá Dúrósọmọ́ ló kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń gbé àpótí bọ̀ láti èbúté. Kò tíì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìdérí. Èéfín tútù jáde, ó fẹ́ sí i lójú. Ó mú ẹja ọ̀bọ̀kún méjì, ó kàn wọ́n mọ́ ara wọn. Kó! Kó! Bí igi. Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja rọ́ wá.

"Ó dára!" ni Ìyá Dúrósọmọ́ kígbe. "Láti ìgbà tí mo ti ń ra ẹja, n kò rí irú èyí rí! Akíntìmẹ́hìn, ọmọ mi, o gbìyànjú! Gbogbo èyí ni mo rà. Ọkọ̀ dà, kí wọ́n bá ọ kó ìyókù?"

Omi ń kán lára Akíntìmẹ́hìn. Ìyá Dúrósọmọ́ wá gbójú sókè, ó rí i bó ṣe rí, ó rí Ọlápéjú láìní gèlè, ó rí bàbá arúgbó tí wọ́n fi àpò ìrẹsì bò léjìká.

"Ọkọ̀ dà?" ó tún bèèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ó wà nísàlẹ̀," ni Bàbá Ikúmápàyí dáhùn. "Òun náà ti tutù níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti já lójú Akíntìmẹ́hìn. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ọjà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún ọkọ̀ àti bàbá rẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹja ẹnikẹ́ni bàjẹ́ mọ́ ni. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Bàbá Ikúmápàyí fi ọwọ́ kàn án lórí. "Mo mọ̀," ó ní. "Èèyàn burúkú kọ́ ni ọ́. Ohun tó dára lo tẹjú mọ́, o sì tẹjú mọ́ ọn jù. Fetí sílẹ̀, kí gbogbo yín fetí sílẹ̀. Bí àpótí bá ń tutù, ẹ wo ọkọ̀ tó gbé e."

Mojírọ́lá gba owó ẹja rẹ̀ pé, òun àti àwọn márùn-ún yòókù. Nígbà tí Akíntìmẹ́hìn fi owó náà lé e lọ́wọ́, kò lè wò ó lójú. Obìnrin náà ló mú àwọn obìnrin abúlé jọ, tí wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ kó jókòó sílé. Wọ́n bẹ àwọn ọkọ wọn kí wọ́n bá a gé igi. Ọdún kan kọjá kó tó ní ọkọ̀ mìíràn. Ọlápéjú ló ń pàṣẹ nínú rẹ̀. Yìnyín ni wọ́n ń kó sínú àpótí, èyí tó bá sì fẹ́ yọ́ kó yọ́. Wọ́n ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa kí oòrùn má bàa bá wọn. Ẹja kan máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kú sí i.

Òwe Bàbá Ikúmápàyí rìn kúrò lọ́jà Igbókòdá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn ẹlẹ́ja gbé e lọ sílé fún ọkọ wọn, àwọn ọkọ gbé e lọ sídìí àwọ̀n, ó dé etí àwọn tí kò rí omi rí láyé wọn. Àwọn àgbà wá gbà á, wọ́n ń pa á bí ẹni pé àwọn ló bí i. Èmi tí mo mọ ibi tó ti wá, n kì í lè pa á kí n má rí bàbá arúgbó yẹn, ó jókòó lórí òtútù láàárín omi, ó ń gbọ̀n, tó ń sọ pé ìdí òun ti kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, bí àpótí bá ń tutù, ẹ wo ọkọ̀ tó gbé e.